Ta Ló Ni Rédíò Tó Bàjẹ́?

Gbólóhùn méjì kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Bí rédíò bá dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ọmọ inú ilé sì fẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọn a ní, "Gbé e sílẹ̀ jàre, kì í ṣe iṣẹ́ tiwa." Bí owó bá wà lọ́wọ́ díẹ̀, wọn a fi èkejì tì í pé, "A ó ra òmíràn." Gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rédíò tí ó bàjẹ́ kò jọ ọ̀rọ̀ àṣà lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkàwé. Lójú tiwọn, ìlù ni àṣà, oríkì ni àṣà, aṣọ òfì àti egúngún ni àṣà. Èrò tèmi ni pé ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ohun-ìní rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́ ń fi àṣà rẹ̀ hàn ju aṣọ tí ó wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè ná. "Tún ṣe" ni Yorùbá ń wí. "Tún" yìí kan náà ni ó wà nínú "tún wá" àti "tún sọ", kò sì tọ́ka sí ohun mìíràn ju pé a padà sí ìdí iṣẹ́ kan. Ẹni tí ó tún àga ṣe, ó ṣe àga náà lẹ́ẹ̀kejì ni. Òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé a tún ilé ṣe ní òwúrọ̀, òun ni a fi ń sọ pé ìlú ń fẹ́ àtúnṣe, òun náà ni ó sì wà nínú òwe tí ó ní ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ ẹni ni òwe wí. Kò ní kí a ránṣẹ́ pe ẹnì kan ní ìgboro.

Àwọn tí wọ́n gbé ayé ṣáájú wa kò ka títún nǹkan ṣe sí ìtìjú. Igbá tí ó bá fọ́ ní ń gba kasẹ létí: wọ́n á fi irin ṣóńṣó dá etí ibi tí ó là lu, wọ́n á fi okùn rán an, igbá á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìkòkò tí kò ṣeé rán, wọn kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Àpáàdì rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọnná láti ilé kan dé èkejì. Ní ti ọkọ́, ètò kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí n ó padà sí i. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin ọkọ́; kò sí àgbẹ̀ tí ó ní òun ó rọ ọ́ fúnra òun. Ṣùgbọ́n igi ọkọ́, àgbẹ̀ ni ó ń gé e nínú igbó, òun ni ó ń gbẹ́ ẹ, òun ni ó sì ń ki irin bọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá gbé ọkọ́ tọ alágbẹ̀dẹ lọ nítorí pé irin yọ lára igi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ délé.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé lórí nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ń pe rírán igbá ní ọgbọ́n àbáláyé, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, wọ́n ń gba oyè lé e lórí. Lẹ́yìn ilé àwọn kan náà ni fáànù mẹ́ta dojú bolẹ̀ sí, tí ó sì lè jẹ́ pé kápásítọ̀ kan ṣoṣo, tí kò ju ìka méjì lọ, ni àìsàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn àtúnṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣe é, pàápàá nígbà tí ẹni náà bá ti kú.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí rédíò gbà wọ ilé wa ni ó kọ́ wa ní ìwà yìí. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa rédíò oníwáyà sí ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Rédífúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àpótí kan ni, wáyà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀, kò sì sí bí onílé ṣe lè fi wá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Owó ni onílé ń san kí ó lè máa gbọ́ ọ. Bí ó bá dákẹ́, àwọn tí wọ́n fa wáyà ni ó ń retí kí wọ́n wá wò ó. Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí àwàdà. Èmi kò kà á sí àwàdà. Ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, tí ó wà nínú ilé ẹni tí kì í sì í ṣe ti ẹni, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n pè é.

Rédíò alágbèéká ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Kejìlá 1947 ni àwọn onímọ̀ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1954 ni rédíò tí ó ń lò ó dé ọjà níbẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, rédíò bọ́ lára ògiri. Àgbẹ̀ gbé e lọ sí oko, aláṣọ-òkè gbé e ka ẹ̀gbẹ́ òfì, ìyá aláta gbé e sórí àtẹ. Ó ní òkúta tirẹ̀ nínú, ó sì ní súkúrù lẹ́yìn. Súkúrù ẹ̀yìn yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè dá asọ̀rọ̀mágbèsì lóhùn.

Kí ni ó wà lẹ́yìn súkúrù náà tí ó ń bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Rédíò tí ó dákẹ́ ní ìdí tí ó fi dákẹ́, ìdí náà sì sábà máa ń jẹ́ ohun kékeré. Ẹ kọ́kọ́ mú òkúta inú rẹ̀ bọ inú tọ́ọ̀ṣì. Bí tọ́ọ̀ṣì bá tàn dáadáa, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn òkúta. Ẹ wo irin kékeré tí orí òkúta ń kàn. Bí òkúta àtijọ́ kan bá ti jò sínú rédíò náà, ẹ ó rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó hu sí ara irin bí èépá. Iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi pépà oníyanrìn ha á títí irin yóò fi dán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwòsàn ń parí síbẹ̀. Bí iná ojú rédíò bá tàn tí ohùn kò sì jáde, ẹ tọ wáyà méjì tí ó lọ sí ìdí sípíkà. Ẹ mú òkúta tọ́ọ̀ṣì kan, kí ẹ fi orí àti ìdí rẹ̀ kan ẹnu ibi méjèèjì tí wáyà gbé wọ sípíkà, kí ẹ sì tètè mú un kúrò. Bí sípíkà bá dún "pọ̀", ó wà láàyè. Wáyà tí ó já tàbí òjé tí ó ṣí ni kí ẹ máa wá. Bí ó bá sì ń pariwo ṣàà-ṣàà nígbà tí a bá ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò, eruku ti wọ ibi tí a ti ń yí i. Títí di ibi tí a dé yìí, a kò tíì yọ́ òjé kankan, a kò sì tíì ra ohunkóhun.

Fáànù kò yàtọ̀. Fáànù tí ó ń kùn tí kò yí, ìbéèrè méjì péré ni a ó kọ́kọ́ bi í. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá le, epo ti gbẹ nínú búṣì rẹ̀. Nínù àti epo ẹ̀rọ díẹ̀ ni ó ń fẹ́. Bí ó bá yí fẹ̀rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, tí a dá a padà sí iná tí ó sì tún ń kùn lásán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kápásítọ̀ tí ó yẹ kí ó tì í gbéra ni agbára rẹ̀ ti tán. Iye tí wọ́n kọ sí ara kápásítọ̀ náà ni kí a fi ra òmíràn. Wáyà méjì ni ó ń so ó mọ́ fáànù. Ẹni tí ó bá lè di okùn bàtà rẹ̀ lè kọ́ bí a ti ń so ó.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹgbẹ́ mi wo ohun tí a ṣe yìí dáadáa. A gbé àbá kan kalẹ̀, a wá ohun tí ó lè já a, a mú un kúrò, a gbé òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Èyí ni à ń pè ní ọgbọ́n ìwádìí, tí a fi ń yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí a tó fún un ní oyè. Ọ̀mọ̀wé tí ó ní iṣẹ́ òun kọ́ ni láti wádìí ìdí tí fáànù òun kò fi yí, ẹ jọ̀wọ́, kí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan ju ti ọjọ́ tí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ, òun ni ó ń ṣe ìwádìí fún ọ̀mọ̀wé.

Wọ́n á ní iná ń pa ènìyàn. Òtítọ́ ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bò ó. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú olú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Èkó, ẹni tí ó sì ronú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n adóṣù Ṣàngó kì í sá fún Ṣàngó. Ó mọ èèwọ̀ rẹ̀ ni. Èèwọ̀ ti iná kò pọ̀ jù fún ọmọ ènìyàn láti kọ́. Amóhùnmáwòrán àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, a máa gbé iná tí ó tó 25,000 fóòtì sí ìdí gíláàsì rẹ̀, iná náà sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Kápásítọ̀ inú ààrò máíkíróòfù ń gba nǹkan bí 2,000 fóòtì, ó sì ti pa àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́. Panẹ́ẹ̀lì tí ó ń gba iná 230 fóòtì nínú ẹ̀rọ òde òní a máa tọ́jú èyí tí ó lé ní 300 sínú kápásítọ̀ ńlá rẹ̀. Bátìrì inú fóònù, bí a bá fi irin gún un, ó lè gbiná. Ewu kan sì tún wà tí ó jẹ́ tiwa ní pàtó: wọ́n mú iná lọ, baálé ilé rò pé àyè gba òun láti tú áyọ́ọ̀nù tí ó ṣì wà lójú iná, iná á sì dé lójijì. Pé wọ́n mú iná lọ kò túmọ̀ sí pé a ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ́. Ẹ̀yìn gíláàsì amóhùnmáwòrán, inú máíkíróòfù àti panẹ́ẹ̀lì olóró wọnnì, irin rírọ ni. Ẹ jẹ́ kí á gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Òkúta, irin ibi òkúta, wáyà tí ó já, fíyúùsì, búṣì, epo, eruku, igi ọkọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń fi ikú dẹ́rù bà wá a máa da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n á sọ ti máíkíróòfù kí a lè gbé rédíò olókùúta méjì sílẹ̀. A kò rí àgbẹ̀ tí ó sọ pé nítorí pé òun kò lè rọ irin, òun kò ní gbẹ́ igi.

Àwọn mìíràn ní ojú àánú ni àwọn fi ń wo ọ̀rọ̀ náà: bí olúkúlùkù bá ń tún tirẹ̀ ṣe, kí ni àwọn atúnrédíòṣe yóò jẹ? Èmi kò gba àánú yìí gbọ́. Ẹni tí kò mọ ohun kan nípa ẹ̀rọ rẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ń fura sí i ni. Ẹ wò ó bí ó ti gbé amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ dé ṣọ́ọ̀bù, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wo aago.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ káàbọ̀, sà. Panẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ló jó."

"Èló?"

Ìjíròrò parí síbẹ̀. Owó nìkan ni ó kù tí wọ́n lè jọ sọ. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, kò ní mọ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe é ní òótọ́, kò ní mọ̀ pẹ̀lú, yóò máa ráhùn pé olè ni gbogbo wọn. Ẹ wá fi í wé ẹni tí ó ti fara balẹ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀ nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń ṣẹ́jú iná pupa, kò tàn. Mo ti gbé e sójú iná mìíràn, ibi kan náà ni. Àbí kápásítọ̀ ibi tó ti ń gba iná ló wú?"

"Áà, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ọmọ-iṣẹ́ á sún àpótí fún un. Bí wọ́n bá ṣí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá kápásítọ̀ kan tàbí méjì nínú panẹ́ẹ̀lì náà, tí orí wọn tí ó yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ti wú bí àkàrà. Oníbàárà kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó fojú ara rẹ̀ rí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ tí ó dára yàtọ̀ sí iṣẹ́ jágbajàgba, ó sì ń san owó èyí tí ó dára láìjanpata. Òun ni oníbàárà tí oníṣẹ́-ọwọ́ ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí wa nìkan ni gbólóhùn "A ó ra òmíràn" ti hù jáde. Wọ́n gbìn ín ni. Ní oṣù Kejìlá 1924, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe gílóòbù iná pàdé ní Geneva, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phoebus. Gílóòbù ìgbà náà a máa lò tó 1,500 wákàtí, òmíràn a tó 2,000. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kò gbọ́dọ̀ ju 1,000 lọ, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí gílóòbù rẹ̀ bá pẹ́ jù láyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: owó ìtanràn fún iṣẹ́ tí ó dára. Nínú gbogbo ìtàn alágbẹ̀dẹ tí mo gbọ́ rí, n kò gbọ́ pé ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ ìlú kan pe ọ̀kan nínú wọn lẹ́jọ́ pé ọkọ́ rẹ̀ kò tètè jẹ.

Àwọn tí ó jogún ọgbọ́n náà ti gbọ́n jù wọ́n lọ. Láàárín 2009 sí 2011, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi súkúrù kan tí orí rẹ̀ ní ewé márùn-ún bíi ti òdòdó de kọ̀ǹpútà àti fóònù rẹ̀, èyí tí súkúdíráfà inú ilé ẹnikẹ́ni kò bá mu. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lo súkúrù mọ́. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀rọ pa. Rédífúṣọ̀n ni ó padà wá yẹn. Ohun tí a fi owó ẹni rà, tí ó wà nínú ilé ẹni, tí ẹlòmíràn sì ń sọ ẹni tí ó lè ṣí i.

Àwọn tí wọ́n ń gbé níbi tí ẹ̀rọ wọ̀nyí ti pọ̀ jù ti jí sí ọ̀rọ̀ náà. Ní Amsterdam ní 2009, Martine Postma bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí ó pè ní Repair Café, níbi tí ará àdúgbò ti ń gbé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ wá, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń jókòó tì í kí wọ́n jọ tún un ṣe. Irú ìpàdé náà ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 2021, ilẹ̀ Faransé fi òfin mú àwọn tí ń ta fóònù, kọ̀ǹpútà àti amóhùnmáwòrán kí wọ́n fi máàkì hàn lórí 10, bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti rọrùn láti tún ṣe sí. Ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tirẹ̀ ní 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2024. Àwọn tí à ń fara wé nígbà tí a bá ní "a ó ra òmíràn" ti ń jà láti gba súkúdíráfà wọn padà. Àṣà tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ ni àwa ń gbé wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa níbi tí èyí tí a sọ nù ń lọ. Ní 1988, ariwo ta káàkiri Nàìjíríà nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá sí Kókó, ní ibi tí ó ti di ìpínlẹ̀ Delta báyìí. A bínú, ó sì tọ́ kí a bínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tòkunbọ̀ ń wọlé nínú kọ̀ńténà, èyí tí ó wà láàyè pẹ̀lú èyí tí ó ti kú, àwa fúnra wa ni a sì ń sanwó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọjà Alaba ní Èkó, tí wọ́n ń jí èyí tí ó ṣeé jí, ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún. Èyí tí kò ṣeé jí di ohun mìíràn: òjé wà nínú gíláàsì amóhùnmáwòrán àtijọ́, àwọn kan sì ń dáná sun wáyà lórí ààtàn nítorí bàbà inú rẹ̀. Orí ààtàn kan náà ni fáànù ọ̀mọ̀wé ń lọ nígbà tí ó bá ra òmíràn.

A ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti fi ilé-ẹ̀kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1982 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, ìlérí inú rẹ̀ sì ni pé ọmọ tí ó bá lo ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama yóò mọ ohun kan í fi ọwọ́ ṣe. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, a kò ṣí àpótí rẹ̀. Ibòmíràn kò ní iná, ibòmíràn kò ní olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ tí a rà láti fi kọ́ ọmọ ní àtúnṣe bàjẹ́ sínú àpótí láìsí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá náà ní ìdáhùn láti fọ̀. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, apá kìíní ní 1984, èkejì ní 1990, iṣẹ́ ribiribi sì ni. Nítorí rẹ̀ ni a fi lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà Yorùbá láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Èdè ẹ̀rọ inú ilé kò sí níbẹ̀, ó sì wà ní ìgboro láti ìgbà náà: kò mú iná, ó ti ṣáàtì, wáyà ti já, ó ń gbéná sára, òkúta ti jò. Àwọn atúnrédíòṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ-iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi tọ́ wọn dàgbà. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì wa kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ àpilẹ̀kọ lórí ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe fún oṣù mẹ́ta, kí ó mú ìwé àti súkúdíráfà dání, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kí ó sì tún ẹ̀rọ kan ṣe kí ó tó kúrò níbẹ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀ kan rí, ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fi wákàtí méjì jiyàn lórí bóyá "agbaná" tàbí "atọ́júiná" ni ó yẹ kí a máa pe kápásítọ̀. Ooru mú gbogbo ilé. Fáànù òkè àjà ń kùn lórí wa, kò yí. Atọ́júiná rẹ̀ ti kú láti ọdún tí ó kọjá.